Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tí Wọ́n Dìbò Yàn, Ẹ Má Dá Ẹrù Ìlú Gbé

Ẹ̀yin ọmọ mi, káńsẹ́lọ̀ àti alága ìjọba ìbílẹ̀,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Iṣẹ́ sẹkitéríàtì ni mo ṣe fẹ̀yìn tì. Alága tó wá tó sì lọ lójú mi kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì, ohun tí mo rí lára wọn ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí. N kò fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ìbò. Ọ̀rọ̀ ìlera ọkàn yín ni mo bá wá.

Ẹ̀yin lẹ mọ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá yín. Kí ẹ tó fọ ẹnu, pálọ̀ ti kún. Ìyá kan di ìwé ilé ìwòsàn ọmọ rẹ̀ mú, ó ti lọ́ ọ títí ó ti rún. Bàbá kan ń wá ẹni tó máa bá a fọmọ síṣẹ́. Àwọn tó bá yín rìn nígbà ìpolongo jókòó sẹ́bàá ìlẹ̀kùn, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń wò yín. Fóònù ń dún lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹnì kan sì ti gbóhùn sórí WhatsApp wọ́ọ̀dù láti ìdájí, olè ló ń pè yín nítorí gọ́tà tó dí.

Gómìnà ní géètì, sẹ́nétọ̀ ń gbé l'Ábújà. Ẹ̀yin, àdúgbò tí wọ́n ti sọ yín lórúkọ lẹ ń ṣàkóso. Ẹni tó bú yín lórí ayélujára lánàá, ẹ máa bá a pàdé ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ rẹ̀ àti ọmọ yín sì ń jọ lọ síléèwé kan náà. Ti ẹ̀yin obìnrin tún le jù bẹ́ẹ̀, torí wọn kì í bú iṣẹ́ yín nìkan, wọ́n á wọ ilé ọkọ yín lọ.

Agbára yín kò sì tó ohun tí ìlú ń retí. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 kó ọjà, ibùdókọ̀, itẹ́ òkú àti pàǹtírí kíkó lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, àmọ́ òfin yìí kan náà ló ní kí owó yín gba inú àpò àjùmọ̀ní tó wà lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774. Látìgbà náà ni ará ìlú ti gbà pé owó ti dé sọ́wọ́ yín, bẹ́ẹ̀ ìdájọ́ ọ̀tọ̀, owó tó wọlé ọ̀tọ̀. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì, ẹ̀yin kọ́ lẹ gbẹ́ ẹ. Ẹ má fi oorun yín dí i.

Alága kan wà tí mo bá ṣiṣẹ́, onínúure èèyàn. Oorun ló kọ́kọ́ lọ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ìwé tó yẹ kó fọwọ́ sí á wà níwájú rẹ̀, á wò ó, á yí i padà, á tún wò ó, bírò á wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó wá ń jágbe mọ́ awakọ̀. Gbogbo wa ní sẹkitéríàtì ń sọ pé ipò ti ń gùn ún. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé àìsàn ni. Òun ló mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó gba ìtọ́jú, ó sì padà wá parí sáà rẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Bí wọ́n bá rí ọkọ̀ yín lẹ́nu ọ̀nà Aró, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Ábẹ́òkúta, ìròyìn á ti ká wọ́ọ̀dù kó tó dọ̀sán. Ó dùn mí pé a sọ orúkọ Aró di èébú, torí ibẹ̀ ló yẹ ká máa fi yangàn. Ní ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ̀ láti máa ti aláìsàn mọ́lé níbẹ̀. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ẹbí kan á bá aláìsàn wá, á máa se oúnjẹ fún un. Aláìsàn á gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, á padà sáàárín àwọn èèyàn lálẹ́. Gbogbo ayé ló wá kọ́gbọ́n níbẹ̀, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ohun tó rí ni pé ọkàn tó dàrú kì í dá wà kó gbádùn. Ẹ̀yin ọmọ mi, àárín èrò lẹ wà látàárọ̀ dalẹ́, síbẹ̀ ẹ dá wà. Kò sí ẹnì kan nínú pálọ̀ yẹn tí kò wá gba nǹkan.

Nítorí náà, ẹ wá ẹnì kan ṣoṣo tí kò fẹ́ iṣẹ́, tí kò fẹ́ kọngílá, tí kò sì sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú yín. Òun ni kẹ́ ẹ máa sọ òótọ́ inú yín fún. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé yín máa gbọ́ ohùn WhatsApp wọ̀nyẹn, kó sọ èyí tó kan iṣẹ́ fún yín, kó pa ìyókù rẹ́. Ẹ yan ọjọ́ tẹ́ ẹ ó máa gbàlejò ní ọ́fíìsì, kí pálọ̀ lè padà di ti ọmọ yín. Wọ́n á bínú fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á sì lóye.

Bí oorun bá kọ̀ tí kò padà, bí oúnjẹ kò bá lọ mọ́, bó bá jẹ́ ọtí lẹ fi ń sùn, ẹ lọ rí dókítà. Bó bá wá sí yín lọ́kàn pé ikú sàn, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ fún èèyàn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó mú yín lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má bẹ̀rù pé òfin á gba ipò lọ́wọ́ yín. Ẹni tí wọ́n ti fi òfin kéde pé orí rẹ̀ kò pé ni òfin wa ní kó má dupò, ẹni tó lọ gba ìtọ́jú kọ́. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023 sì ní a kò gbọdọ̀ torí àìsàn ọpọlọ yan ẹnikẹ́ni jẹ.

Aró wà, ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá wà l'Ékòó, UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì, wà n'Ìbàdàn. Bí ojú bá ń tì yín láti lọ sí tòsí, ẹ lọ sí ti ìpínlẹ̀ mìíràn, kí ìyàwó tàbí ọkọ yín bá yín lọ.

Èmi ni bàbá yín,
òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì.