New Jersey kì í ṣe ojú ọ̀nà lásán

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ó ti sú mi kí n máa gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń wá sí Amẹ́ríkà pé kò sí ohun tí ó wà ní New Jersey ju pápákọ̀ òfuurufú Newark àti ọ̀nà márosẹ̀ tí ń gbéni lọ sí New York lọ. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, wọ́n á wọ ọkọ̀, wọ́n á rí àwọn àgbá ràgàjì ilé ìfọpo tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ náà tí wọ́n ń pè ní Turnpike, wọ́n á fọwọ́ bo imú, wọ́n á sì ti dá odidi ìpínlẹ̀ lẹ́jọ́. Èmi kò ní jiyàn pé ibẹ̀ kò rùn. Ó ń rùn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ṣí ní ọdún 1951 nítorí kí ọkọ̀ lè tètè kọjá kọ́ ni a fi ń mọ ìlú. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ yìí fi fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, inú dáínà ni kí ó lọ jókòó sí.

Dáínà jẹ́ ilé oúnjẹ tí ó gùn tóóró bí ọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n fi irin dídán bo ara rẹ̀, tí iná aláràbarà sì ń kọ mọ̀nà lórí rẹ̀ ní òru. Ìrísí yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Inú ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà ni òwò yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1872, nígbà tí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Walter Scott ń ta oúnjẹ lóru ní ìlú Providence, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island. Àwọn òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn tí wọn kì í tètè délé wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀, nítorí náà, Olóòtú, ẹ̀yin náà ní ìpín nínú ìtàn yìí. Nígbà tí ó yá, New Jersey ni wọ́n ti wá ń kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà: ilé iṣẹ́ Jerry O'Mahony wà ní ìlú Bayonne kí ó tó kó lọ sí ìlú Elizabeth, àwọn tí ń ṣe irú dáínà tí wọ́n ń pè ní Silk City sì wà ní ìlú Paterson. Wọ́n máa ń kọ́ ọ parí nínú ilé iṣẹ́, tòun ti ààrò, àga àti táìlì, wọ́n á gbé e dé orí ilẹ̀ ẹni tí ó rà á, wọ́n á so omi àti iná mọ́ ọn, ó di kí wọ́n máa ta kọfí. Ìdí rèé tí kò fi lè fẹ̀ ju ohun tí ojú ọ̀nà lè gbà lọ.

Ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo lò níbí, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan. Ní ìdájí ọjọ́ kan tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, bọ́ọ̀sì tí mò ń dúró dè kò wá, mo sì yà sínú dáínà kan ní nǹkan bí aago márùn-ún àbọ̀, kì í ṣe nítorí ebi bí kò ṣe nítorí kí ẹsẹ̀ mi má baà gan. Mo jókòó sórí àga gíga tí ń yí, níwájú káńtà. Obìnrin àgbàlagbà kan tí ó ki bírò bọ irun kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó yí ife tí wọ́n dojú rẹ̀ dé níwájú mi, ó sì bu kọfí sí i. Mo rọra ka owó tí ó wà lọ́wọ́ mi lábẹ́ káńtà kí n tó gbé ife náà sẹ́nu: dọ́là mẹ́rin. Kọfí náà tán, ó tún bù ú; ó tán, ó tún bù ú, kò sì fi kún owó rẹ̀. Mo lo wákàtí méjì lé díẹ̀. Awakọ̀ akẹ́rù kan ń jẹ ẹyin ní apá ọ̀tún mi, ọkùnrin oníkóòtù kan ń ka ìwé ìròyìn ní apá òsì, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òde àríyá dé sì ń sùn léra wọn léjìká lẹ́yìn wa. Kò sí ẹni tí ó wò mí lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ẹni tí ó ní kí n dìde fún ẹlòmíràn.

Ìwé oúnjẹ wọn nípọn bí ìwé orin ìjọ. Nítorí pé àwọn ará Gíríìsì tí wọ́n ṣí wá ni wọ́n ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé náà, o lè rí oúnjẹ Gíríìsì àti ti Ítálì lójú ewé kan náà pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀, tí wọn yóò sì gbé fún ọ ní ìrọ̀lẹ́ bí ó bá wù ọ́. Ọ̀dùnkún díndín tí wọ́n da omi ẹran tí ó ki àti wàràkàṣì lé lórí ni wọ́n ń pè ní disco fries. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kan tún wà tí John Taylor ti ìlú Trenton ṣe jáde ní ọdún 1856. Taylor ham ni àwọn ará àríwá ìpínlẹ̀ náà ń pè é, pork roll ni àwọn ará gúúsù ń pè é, ìjà orúkọ yìí kò sì tíì parí di òní. Èmi kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, n kò sì dá sí i.

Orí káńtà yẹn ni mo ti gbọ́ nípa ìyókù ìpínlẹ̀ náà. Ní ọjọ́ kan tí mò ń jẹ páì tí wọ́n fi blueberry, èso kéékèèké aláwọ̀ aró, ṣe, bàbá kan tí ó jókòó tì mí bi mí bóyá mo mọ ibi tí èso inú rẹ̀ ti wá. Ó ní títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, inú igbó ni wọ́n ti ń ṣa á. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Elizabeth White, ní abúlé Whitesbog ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà, ni ó pàṣẹ fún àwọn ará igbó pé kí wọ́n wá igi tí èso rẹ̀ tóbi jù lọ fún òun, ó ń sanwó fún wọn, ó sì ń fi orúkọ ẹni tí ó rí igi sọ igi náà. Òun àti onímọ̀ nípa ewéko kan, Frederick Coville, ni wọ́n jọ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, wọ́n sì kó èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà lọ sọ́jà ní ọdún 1916. Mo lọ wo ibẹ̀ fúnra mi. Igbó Pine Barrens ni, ó ju mílíọ̀nù kan éékà lọ, ó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìpínlẹ̀ náà, ìjọba àpapọ̀ sì ti fi òfin dáàbò bò ó láti ọdún 1978. Ẹ rántí pé ìpínlẹ̀ tí èèyàn há mọ́ra jù lọ ní Amẹ́ríkà ni mò ń sọ. Omi odò ibẹ̀ pọ́n bí tíì tí kò ní mílíìkì. Mo fi ọwọ́ bù ú, mo rò pé ó dọ̀tí, àṣé gbòǹgbò igi àti irin inú ilẹ̀ ni ó fún un ní àwọ̀ yẹn.

N kò ní lè sọ gbogbo rẹ̀ tán: omi ńlá Paterson tí ń já láti orí àpáta gíga ẹsẹ̀ bàtà 77 láàárín ìgboro, àwọn ẹyẹ tí ń rọ́ gba Cape May ní etí òkun kọjá nígbà ìwọ́wé, àti òfin ọdún 1949 tí kò jẹ́ kí awakọ̀ kankan fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ epo, tí ó fi jẹ́ pé nínú òjò àti yìnyín, inú ọkọ̀ mi ni mo máa ń jókòó sí bí olóyè.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àwọn dáínà ń dín kù. Àwọn tí wọ́n ni wọ́n ti dàgbà, àwọn ọmọ wọn di dókítà àti agbẹjọ́rò, ilẹ̀ náà sì gbówó lórí ju ẹyin àti kọfí lọ. Láti ìgbà àrùn kòrónà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kì í tilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń ti tiwọn ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ibi tí mo wọ̀ ní ìdájí ọjọ́ yẹn ti di ilé ìfowópamọ́.

Àbúrò mi obìnrin wá kí mi láti Ìbàdàn ní ọdún tó kọjá, New York nìkan ni ó sì wà lọ́kàn rẹ̀. Mo mú un lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ó ya fọ́tò títí fóònù rẹ̀ fi kú. Kí a tó kọjá sí New York ní ọjọ́ kìn-ín-ní, dáínà ni mo ti kọ́kọ́ fún un ní oúnjẹ àárọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin mọ́, ó ti wọ bàtà kí n tó jí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé a ò ní padà sí ilé onírin yẹn ni?”

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, láti New Jersey.