Àkànní, má tíì sanwó ampilifáyà yẹn

Ìbàdàn

Àkànní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú àjò o. Ṣé dáadáa ni ìyàwó àti àwọn ọmọ wà ní Houston? Gbogbo wa níbí ń dúpẹ́.

Mo rí àwòrán ampilifáyà mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́, inú mi sì dùn gan-an pé o ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má tíì sanwó. Kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wọn, níbi tí wáyà iná ti ń wọlé. Èyí tí wọ́n bá kọ 120V nìkan sí lára, fi í sílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ tà á lọ́pọ̀. Àwọn kan á ní kí n lọ ra step-down. Òótọ́ ni pé step-down á sọ 240 tiwa di 120, àmọ́ 50 Hz (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) ni iná wa, 60 Hz ni tiyín, kò sì lè yí ìyẹn padà. Tìráńsífọ́mà tí wọ́n ṣe fún 60 Hz nìkan á máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ níbí. Èyí tó bá gba 100 sí 240V ni mo fẹ́.

Mo mọ̀ pé 300 wáàtì yẹn ti wọ̀ ọ́ lójú. Tún un wò dáadáa: ní 4 ohms (ohms ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná) ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, pẹ̀lú 10% THD (ìwọ̀n bí ohùn ṣe bàjẹ́), ìyẹn ni pé ohùn ti bàjẹ́ tán kó tó dé 300. 8 ohms sì ni sípíkà mi, kò ní rí tó 300 gbà. Wáàtì 1 péré, wọ́n á gbé ohùn 90 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó) jáde ní mítà kan sí wọn. Tí a bá sọ 50 wáàtì di 100, 3 dB péré ló fi kún un. Kí ohùn tó jọ ìlọ́po méjì létí èèyàn, wáàtì ní láti tó ìlọ́po mẹ́wàá. Nínú pálọ̀ mi, 60 sí 100 tó mọ́ ti tó.

Ohùn tó mọ́ yẹn ló ń dùn mí. Bí mo bá fi ampilifáyà mi àtijọ́ gbọ́ àwo àpàlà báyìí, olórin ṣì ń dún, ṣùgbọ́n àgídìgbo ti di gbùù-gbùù, n kì í mọ ibi tí ìró kan parí sí kí èkejì tó dé. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń ha etí, sípíkà òsì sì ń kùn ṣáá. Àwọn kàpásítọ̀ (ohun kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́) ibi tó ń gbé agbára fún sípíkà ló ti gbẹ. Apá tó ń gba ohùn àwo wọlé, tó ń yí i sókè sódò, ṣì pé. Ihò PRE OUT àti MAIN IN wà lẹ́yìn rẹ̀, irin kékeré ló so wọ́n pọ̀. Bí a bá yọ irin náà, wáyà kan á gbé ohùn láti PRE OUT lọ sínú èyí tuntun. Nítorí náà power amplifier lásán, èyí tó kàn ń gbé agbára fún sípíkà, ni mò ń wá, kò ní bọ́tìnnì rẹpẹtẹ.

Class D ni kó jẹ́, irú ampilifáyà tó ń tan iná tó sì ń pa á kíákíá, kì í ṣe Class AB ti àtẹ̀yìnwá. Inverter ni mo ń lò lálẹ́, Class AB sì ń sọ iná púpọ̀ di ooru. Class D tó dára ń gbé bí 90% iná tó gbà fún sípíkà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi. Kò wúwo, kò ní jẹ kílò 23 tí wọ́n fún ọ tán. Wọ́n máa ń ní ohùn rẹ̀ gbẹ. Ti àtijọ́ rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ tí onímọ̀ ẹ̀rọ Bruno Putzeys ṣe lórí Class D, èyí tí wọ́n pè ní UcD ní ilé iṣẹ́ Philips àti Ncore ní ilé iṣẹ́ Hypex, n ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Èyí tó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń wù mí. Bá mi ya ẹ̀yìn rẹ̀, kí n rí fóltì náà kedere, kí o sì sọ iye tí wọ́n ń pè é. Màá fi owó ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí gbogbo ilé fún mi.

Èmi ni,
Àjàní rẹ