Kẹ́hìndé ń gbọ́

Kétu, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ọyẹ́ ti mú níhìn-ín, ètè gbogbo wa ti là, ṣùgbọ́n bí a bá ti rántí yín ní Lyon, nílẹ̀ Faransé lọ́hùn-ún, a ò ní lè pe tiwa ní òtútù.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un gbọ́. O ní Kẹ́hìndé kì í lanu sọ̀rọ̀ ní ilé-ìwé, ibi tí o sì ti ní "Àṣàkẹ́, ọmọ mi ti yadi" yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo ní n kò ní fi fóònù dá ọ lóhùn, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí o lè máa padà kà á.

Kẹ́hìndé kò yadi. Ọmọ tó ń bá Táyé jà nítorí bọ́ọ̀lù, tó ń fi Yorùbá pè é lẹ́jọ́ títí tí mo fi ń gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ nínú fóònù, ṣé odi nìyẹn? Ọdún kẹrìnlá mi rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nínú kíláàsì màtánẹ́ẹ̀lì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọdún tí irú rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ mi. Ti èṣí, ọmọ Fúlàní ni. Kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Faransé. Láti oṣù kẹsàn-án títí ọdún tuntun fi wọlé, ọ̀rọ̀ kan kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí. Bí a bá ń kọrin, ẹnu rẹ̀ á dákẹ́, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ á máa lu bẹ́ǹṣì bí orin náà ṣe ń lọ, kò ní ṣi ẹyọ kan. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ń gbọ́. Àfi lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí ẹnìkan já ṣọ́ọ̀kì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá dìde, ó fi Faransé ké pé, "Tàntí, tèmi ni!" Odindi gbólóhùn, kò ku síbì kan.

Olùkọ́ tó ní kí ẹ dákẹ́ Yorùbá nínú ilé, inú rere ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n má gbà. Bó bá jẹ́ ẹnu ọmọ ló ní àrùn, yóò hàn nínú Yorùbá rẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá fẹ́ kí dókítà yẹ etí rẹ̀ wò, jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò burú. Ṣùgbọ́n Faransé tìrẹ àti ti Bàbá Ìbejì, Faransé ibi iṣẹ́ ni, ẹ ò lè fi rẹ ọmọ lẹ́kún. Bí o bá sì gba Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ lónìí, èwo ni yóò fi sọ fún ọ pé ẹnìkan lu òun?

Ti pé kì í wo olùkọ́ lójú, ìwọ ni kí o lọ ṣàlàyé. Sọ fún obìnrin náà pé nílé wa, ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbà tó ń bá a wí, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa bú.

Mo mọ̀ pé o kò lè dá a dúró sílé kí ẹnu rẹ̀ tó là. Láti 2019 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan lọ́dọ̀ yín pé kí ọmọ ọdún mẹ́ta wà ní ilé-ìwé. O ní aago mẹ́jọ ń lù, ilẹ̀ kò tíì mọ́, ẹ ti ń jáde. Lójú ọmọ, òru ni wọ́n ń mú òun lọ sọ́dọ̀ àjèjì. Bẹ̀ wọ́n kí òun àti Táyé máa jókòó pọ̀ níbi oúnjẹ ọ̀sán, bí kíláàsì wọn tilẹ̀ yàtọ̀.

O rántí Àǹtí Libreville. Ọdún 1978 tí wọ́n lé àwọn ará wa kúrò ní Gàbọ́ọ̀nù, ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí wọ́n kó wọn dé, Faransé nìkan ló gbọ́, ó sì dákẹ́ nínú agbo ilé yìí bí ẹni tí wọ́n so lẹ́nu. Ta ló lè dá Àǹtí dúró lọ́jà lónìí?

Ìyá tilẹ̀ ní kí n bi ọ́ bóyá o ti gbàgbé ẹni tí í ṣe ẹ̀gbọ́n. Kẹ́hìndé ló rán Táyé lọ tọ́ ayé wò. Ó ní ó tún ti rán an ṣáájú wọ inú Faransé nìyẹn, pé bó bá dùn, kí ó wá sọ fún òun.

Ọ̀rọ̀ doudou yẹn ṣì ń pa Ìyá lẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú doudou rẹ̀ wá, Bàbá Ìbejì ní ṣé àwọn ọmọ òun kò dúdú tó ni! Àṣé aṣọ tí ọmọ ń dì mú sùn ni. Lọ́jọ́ tí Ìyá gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín, ó wá dákẹ́, ó wọlé, ó gé etí ìró tó fi ń pọ̀n wọ́n.

Ìyàwó tẹ́lọ̀ ẹ̀bá Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, ti bímọ, obìnrin ni, wọ́n sì ti yọ eyín Bàbá tó ń dùn ún.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan, mo ti ń sá fún un láti òkè. Físà Àìná ti jáde. Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò lọ bá bàbá rẹ̀ ní Lyon yín níbẹ̀. Ọmọ ọdún kan ni nígbà tí àbúrò mi lọ, ó ti di mẹ́fà báyìí, inú fóònù ló ti mọ̀ ọ́n. O mọ bí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ṣe jẹ́. Ìyàwó tó wà níbẹ̀ kò rí i rí. N kò gbọ́ ohun burúkú kan nípa obìnrin náà, ṣùgbọ́n èmi ni Àìná ń bá sùn láti ìgbà yìí wá. Lálẹ́ àná ó ní, "Màmá, bí mo bá jí lóru níbẹ̀, ta ni mo máa pè?" N kò rí èsì fún un.

Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, Sátidé àkọ́kọ́ tó bá lò níbẹ̀, lọ kí i. Má dúró kí àbúrò mi pè ọ́, kì í pe ènìyàn. Kó àwọn ìbejì dání, kí wọ́n bá a ṣeré ní Yorùbá. Sọ fún ìyàwó náà pé bí inú Àìná bá bàjẹ́, kì í sunkún, irun orí rẹ̀ ló máa ń tú. Bó bá ti rí irun tó tú sílẹ̀, kí ó fà á mọ́ra, kí ó má bi í ní ìbéèrè.

Òun ni yóò mú ìró tí Ìyá gé wá. Mẹ́ta ni, méjì ti àwọn ìbejì, ọ̀kan tirẹ̀. Ìyá ní kí o má fọ̀ wọ́n.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́ rẹ