Wọ́ṣà ló kú, kì í ṣe kànga

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé ní Òkè-Ògùn, ariwo kan náà ni: ẹ̀rọ omi ti kú, kí ìjọba wá gbẹ́ òmíràn. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, omi ṣì wà nísàlẹ̀. Ohun tó kú kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé: wọ́ṣà rọ́bà tó wà lára písítìnì (ohun tó ń lọ sókè-sódò nínú páìpù láti fa omi) pọ́ǹpù aláfọwọ́fà ni.

Ará àdúgbò lè fi ojú ara wọn rí i. Ẹ fi pọ́ǹpù sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fà á, kí ẹ sì máa kà á. Bó bá kọjá ìgbà 5 kí omi tó yọ, omi ń jò padà nìyẹn: yálà fáàfù ìsàlẹ̀ kò pa dé mọ́, tàbí páìpù ti lu. Ẹ wá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fà á nígbà 40 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kò bá pé lítà 10, wọ́ṣà ti gbó. Ṣùgbọ́n bó bá kọ́kọ́ ń dà gùdù-gùdù, tó wá ń rọlẹ̀ tó ń tu afẹ́fẹ́, omi kànga ló lọ sílẹ̀; ẹ jẹ́ kó sinmi, wọ́ṣà kò lè wo ìyẹn sàn.

Irú pọ́ǹpù tún ṣe pàtàkì. India Mark II gba kí a fa gbogbo páìpù irin jáde, mítà 3-3, kí ọwọ́ tó kan wọ́ṣà. Iṣẹ́ alágbára márùn-ún tàbí mẹ́fà ni, bí ohun tí wọ́n fi di páìpù mú bá sì yọ̀, gbogbo rẹ̀ á já sínú kànga. Níbi tí omi ilẹ̀ bá kan díẹ̀, páìpù náà á dógùn-ún, omi á pupa, àwọn èèyàn á sì padà sódò. Ti Afridev àti India Mark III yàtọ̀: inú páìpù ni a ti ń fa písítìnì jáde, páìpù kò ní kúrò níbi tó wà. Obìnrin méjì tí a bá kọ́ lè ṣe é. Nítorí náà, kí ìlú béèrè irú pọ́ǹpù tó ń bọ̀ kí wọ́n tó da sìmẹ́ńtì.

Ìgbìmọ̀ omi wa ńkọ́? Baálẹ̀, àwọn olóṣèlú àti ọmọ wọn ló máa ń kún un, nígbà tó jẹ́ pé obìnrin tó ń jí pọn omi ló máa kọ́kọ́ mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀rọ ti wúwo. Kí obìnrin jẹ́ akápò. Kí wọ́n dáwó lẹ́yìn tí kaṣú bá tà, kì í ṣe lóṣooṣù tí àpò gbẹ. Kí wọ́ṣà méjì, gíríìsì àti sípánà wà nílé akápò. Ìdí pọ́ǹpù ni kí wọ́n ti ka owó, kì í ṣe ààfin.

Àwọn tó rò pé ará oko kò lè ṣe é ti gbàgbé sòbìà. Àwọn ará abúlé ló ń sẹ́ omi, tí wọ́n ń ka aláìsàn, tí wọ́n ń dá ẹlẹ́sẹ̀ sòbìà dúró kó má wọ odò, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde lọ́dún 2013 pé kò sí i mọ́ ní Nàìjíríà.

Ṣáláńgá kò gbọdọ̀ sún mọ́ kànga tó mítà 30, kò sì gbọdọ̀ wà lókè rẹ̀. Omi tó mọ́ nídìí pọ́ǹpù á dọ̀tí nílé bí gbogbo ọwọ́ bá ń ti ife bọ inú àmù. Kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu tóóró sàn jù.

Ohun kan tí a ń bẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kò náni lówó rárá. Kí agbaṣẹ́ṣe tó kẹ́rù rẹ̀, kó fi ìṣó kọ irú pọ́ǹpù náà, iye páìpù tó wọlé àti ọdún tó gbẹ́ ẹ sára sìmẹ́ńtì nígbà tó ṣì tutù.

Àwa atúnpọ́ǹpùṣe,
Òkè-Ògùn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́