Sí Fúnmi: Ọ̀rọ̀ Irin Tí O Bi Mí

Kábà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Fúnmi ọ̀rẹ́ mi,

Ọ̀kún o. Ọ̀kún òtútù, ọ̀kún iṣẹ́. Mo rí màmá yín lọ́jà, ara wọn le, wọ́n sì ní kí n sọ fún ẹ pé fóònù kì í ṣe fún àwòrán nìkan.

O ní bùọ̀dá yín sọ fún ẹ pé mò ń fi irin ṣe oògùn jẹjẹrẹ ní Lọ́kọ́ja. Wọn ò ní kó bá mi! Èérún irin ni mò ń ṣe, irú irin dúdú tó wà nínú òkúta Itakpe, àmọ́ tó kéré débi pé tí o bá to 100,000 rẹ̀ sórí ìlà, bóyá ni wọ́n á gùn tó mìlímítà kan.

Ṣíṣe rẹ̀ kò le. Oríṣi iyọ̀ irin méjì la máa ń yọ́ sínú omi, ìdá kan èyí, ìdá méjì ìyẹn. A ó fẹ́ gáàsì naitrójìn sí i kí afẹ́fẹ́ má bà á jẹ́, a ó wá máa da amóníà sí i bí a ṣe ń rò ó. Omi tó pọ́n bí ìpẹtà tẹ́lẹ̀ á ṣàdédé dúdú kirikiri. Gbé òòfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò náà, gbogbo dúdú yẹn á sáré lọ bá a. Mi ò tíì rí i kó sú mi. Massart, ará Faransé, ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1981.

Ibi tí wàhálà wà ni pé kí gbogbo wọn dọ́gba. Èyí tí kò bá tó nǹkan bí 20 nánómítà (mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mìlímítà kan), bí o bá ti gbé òòfà kúrò, kíá ló ti gbàgbé rẹ̀. Èyí tó bá tóbi jù á ṣì máa fa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n á dì bí àmàlà tó ní kókó, bẹ́ẹ̀ inú ara ni wọ́n máa ń fún irú rẹ̀ sí nígbà mìíràn, ta ló sì fẹ́ kókó irin nínú iṣan ẹ̀jẹ̀? Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ aṣọ fún wọn: dextran, tó jẹ́ ẹbí ṣúgà, tàbí ásíìdì inú ọsàn wẹ́wẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan ń fi omi ewúro ṣe tiwọn. Kò burú, ó tilẹ̀ dùn-ún gbọ́, àmọ́ ewúro ìgbà òjò kì í ṣe ewúro ọ̀gbẹlẹ̀. Báwo ni tòní á ṣe bá tàná mu? (Iná ọba náà kò jẹ́ kí tèmi bára mu, jẹ́ n má purọ́.)

Ṣùgbọ́n bùọ̀dá kò kúkú parọ́ tán. Ní 1957 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Gilchrist ti dán an wò ní Amẹ́ríkà láti fi irú èérún báyìí mú ibi tí jẹjẹrẹ wà gbóná. Ní 2010, Yúróòpù fọwọ́ sí ti MagForce, ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì, fún jẹjẹrẹ ọpọlọ: wọ́n á fún omi irin náà sínú kókó jẹjẹrẹ, òòfà tó ń yí padà ní ìgbà 100,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á sì mú un gbóná. Òmíràn tún wà tí kò tilẹ̀ kan jẹjẹrẹ. Ferumoxytol ni, oògùn kan tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2009 fún àwọn aláìsàn kíndìnrín tí irin ara wọn kò tó. Ìwọ tó o jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ṣeé ṣe kó o ti gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ní báyìí, mo ní iṣẹ́ fún ẹ. Makirosíkóòpù lásán kò lè rí nǹkan tó kéré tó báyìí, èyí tó ń lo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù la nílò, mi ò sì rí i nítòsí ibí. Bá mi bi ọkọ ẹ bóyá wọ́n ní in ní yunifásítì wọn, àti iye tí wọ́n ń gbà. Mo ti di díẹ̀ sínú ìgò sílẹ̀. Má jẹ́ kí bùọ̀dá yín gbọ́ o, kí wọ́n má lọ máa pàtẹ rẹ̀ lọ́jà Ìsánlú.

Èmi ni tìrẹ,
Tólú