Dèjì, ọ̀rọ̀ bọ́tìnì tó o bi mí rèé

Ìbàdàn,
Alẹ́ Sátidé.

Dèjì ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, báwo ni òtútù Manchester? Mo gbọ́ voice note ẹ títí dé òpin, o ní o ti gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan kalẹ̀ sí pálọ̀, Debian (ọ̀kan lára irú Linux) lásán, kò sí desktop, ojú dúdú tó kún fún lẹ́tà funfun nìkan, o wá fẹ́ kó jẹ́ pé tó o bá ti tẹ bọ́tìnì kan báyìí iṣẹ́ kan á ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni ì báà wà nídìí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo bá jà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì nítorí ṣọ́ọ̀bù Màámi, torí náà jókòó kó o fara balẹ̀ kà á.

O rántí laptop àtijọ́ tí mo sọ di server fún àkọsílẹ̀ ọjà níbẹ̀. Bátìrì ẹ̀ ti kú tipẹ́, inverter ló ń gbé e ró tí iná bá lọ, tí inverter bá wá ké ké ké tó dákẹ́, laptop náà á kú lójijì ni. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn ba fáìlì àwọn tó ra ọjà láwìn jẹ́ pátápátá, Màámi fi ọjọ́ méjì jókòó, orí ni wọ́n fi ń rántí ẹni tó jẹ wọ́n lówó àti iye tó jẹ́, ó dùn mí wọra. Ọmọ tó ń bá wọn tajà ò ní password, mi ò sì fẹ́ fún un. Ohun tí mo ń wá ò ju pé tí inverter bá ti ń ké, kó tẹ bọ́tìnì kan, kí ẹ̀rọ yẹn pa ara ẹ̀ bó ṣe yẹ, kódà tó bá jẹ́ ibi login ló dúró sí.

loadkeys, àṣẹ tó ń yí ohun tí bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù ń tẹ̀ padà, ni mo kọ́kọ́ sáré lọ bá, ó dá mi lójú pé òun náà lo máa kọ́kọ́ rí. O máa tẹ showkey, á sọ nọ́ńbà bọ́tìnì tó o bá tẹ̀ fún ẹ (F1 jẹ́ 59, F12 jẹ́ 88), tó o bá sì fọwọ́ lẹ́rán fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá á jáde fúnra ẹ̀. Mo wá kọ ìlà yìí sínú fáìlì kan, mo fi loadkeys gbé e wọlé:

string F12 = "sudo poweroff\n"

Mo tẹ F12, ó bá mi tẹ sudo poweroff, àṣẹ tó ń pa ẹ̀rọ, ó ṣiṣẹ́, inú mi dùn. Ọjọ́ kejì mo wà nínú nano, ibi tí mo ti ń kọ fáìlì, mo tún tẹ̀ ẹ́, bó ṣe kọ sudo poweroff sáàárín ọ̀rọ̀ tí mo ń kọ nìyẹn. Mo jáde lọ síbi login, mo tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, ó fi sudo poweroff ṣe orúkọ èèyàn ó wá ń bèèrè password! Ibẹ̀ ló ti wá yé mi. loadkeys ò ran ẹnikẹ́ni níṣẹ́, lẹ́tà ló ń bá ẹ tẹ̀, ohunkóhun tó bá wà lójú tty yẹn (bí wọ́n ṣe ń pe ojú dúdú kọ̀ọ̀kan) ló máa gba lẹ́tà náà. Láti tty1 dé tty6 tábìlì kan náà ni gbogbo wọn ń lò lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ò kọjá lẹ́tà.

Má tìtorí ìyẹn pa á tì o, torí òun ni mo fi ń tẹ Yorùbá lójú dúdú yẹn. Kọ altgr keycode 18 = U+1EB9 kó o ní ẹ tó o bá di AltGr (Alt ọwọ́ ọ̀tún) mú tó o tẹ E, 24 fún U+1ECD kó o ní ọ, 31 fún U+1E63 kó o ní ṣ. Fọ́ǹtì console, ìyẹn ojú dúdú yẹn, ò lè gbà ju àmì 512 lọ, torí náà wá èyí tó ní àwọn lẹ́tà wa nínú.

Tó bá jẹ́ pé kó pa ẹ̀rọ nìkan lo fẹ́, Ctrl+Alt+Del ti wà nílẹ̀, kernel, ọkàn Linux, ló ń gbé e fún systemd, ètò tó ń darí iṣẹ́ ẹ̀rọ, tààrà, kò kan ẹni tó wà lójú tty rárá. Àmọ́ ńṣe ló máa ń tan ẹ̀rọ padà, kì í pa á, o máa ní láti yí i:

ln -sf /lib/systemd/system/poweroff.target /etc/systemd/system/ctrl-alt-del.target

Lẹ́yìn náà systemctl daemon-reload. Ohun tí ò jẹ́ kí n fi mọ síbẹ̀ ni pé tẹ́nì kan bá tẹ̀ ẹ́ léraléra ju ẹ̀ẹ̀méje lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, systemd á fipá tan ẹ̀rọ padà, ọmọ yẹn sì lọ́wọ́ kánkán tí inverter bá ti ń ké.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni triggerhappy (thd ni orúkọ àṣẹ ẹ̀). Ó máa ń gbọ́ bọ́tìnì látinú /dev/input fúnra ẹ̀, kó tó di ọ̀rọ̀ tty rárá, kódà tó o bá fa kíbọ́ọ̀dù yọ tó o tún fi í padà, á dá a mọ̀. Fi apt gbé e wọlé, ṣe sudo thd --dump /dev/input/event* kó o rí orúkọ tó ń pe bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, kó o wá ṣe fáìlì kan sínú /etc/triggerhappy/triggers.d, kí orúkọ ẹ̀ parí sí .conf. Ìlà kan péré ló wà nínú tèmi:

KEY_F12+KEY_LEFTCTRL 1 /sbin/poweroff

1 yẹn ni ìgbà tó o bá tẹ̀ ẹ́, 0 ni ìgbà tó o bá fi í sílẹ̀, 2 ni tó o bá dì í mú. Má lo Alt pẹ̀lú F kankan o, torí Alt ni console fi ń sún láti tty kan sí òmíràn. Má sì lo lẹ́tà lásán, thd ń gbọ́ ni, kò dí tty lọ́wọ́, lẹ́tà yẹn ṣì máa hàn lójú ẹni tó ń kọ nǹkan lọ́wọ́.

Ibi tó dá mi dúró fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko rèé, mo tẹ bọ́tìnì títí, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ní Debian, nobody, orúkọ ẹni tí kò ní àṣẹ kankan lórí ẹ̀rọ, ni wọ́n ní kí thd máa ṣiṣẹ́ bíi, nobody ò sì lágbára láti pa ẹ̀rọ. Ṣe systemctl cat triggerhappy, da ìlà ExecStart ẹ̀ kọ, yọ --user nobody kúrò, kó o wá fi systemctl edit triggerhappy kọ ọ́ sábẹ́ [Service], àmọ́ kọ ExecStart= lófìfo ṣáájú ẹ̀, tó ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ systemd á kọ̀ jálẹ̀ pé ó ti di méjì. Tún un bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú systemctl restart triggerhappy, kó o sì rí i pé root, ọ̀gá tó láṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ, nìkan ló lè kọ nǹkan sínú triggers.d, torí gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀ root ló máa ṣe é.

Ọjọ́ Tuesday tó kọjá iná lọ, inverter bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mi ò sí nítòsí, ọmọ yẹn tẹ Ctrl àti F12. Nígbà tí mo dé tí mo tàn án, gbogbo gbèsè pé, kò yingin. Màámi ní kí n kí ẹ.

Ìwọ ṣáà ṣe ti thd --dump yẹn lálẹ́ òní, kó o fi ohun tó bá gbé jáde ránṣẹ́ sí mi, kó o sì sọ iṣẹ́ tó o fẹ́ kí bọ́tìnì náà ṣe gan-an, torí o ò sọ ìyẹn nínú voice note. Bá mi kí ìyàwó ẹ àtàwọn ọmọ.

Èmi ni,
Káyọ̀dé