Orógùn Wà Lọ́wọ́ Wọn

Tákíì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ ìtàn,

Mo kí yín o. Ọ̀kan nínú yín gbé ìwé àjákọ rẹ̀ wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìtàn náà dùn, àfi ìgbà tí mo dé ojú ewé kẹsàn-án. Ọkọ ìyàwó tí wọ́n ti ń sunkún rẹ̀ láti àárọ̀ kàn lajú, ó ní àlá ni òun ń lá. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ kí ìparí rẹ̀ yí bírí bíi ti O. Henry ni."

Ó dáa. William Sydney Porter lorúkọ ọkùnrin yẹn gan-an, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1862. Ó ta oògùn, ó ṣiṣẹ́ báǹkì ní Austin, ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ̀sùn owó kíkójẹ kàn án. Ó sá lọ sí Honduras. Àìsàn ìyàwó rẹ̀ ló dá a padà. Obìnrin náà kú ní 1897, òun wẹ̀wọ̀n ní 1898. Nínú ẹ̀wọ̀n, iṣẹ́ oògùn ló ń ṣe lóru, ó sì ń kọ ìtàn. Ọ̀rẹ́ kan ní New Orleans ló ń bá a fi wọ́n ránṣẹ́, kí àwọn oníwèé ìròyìn má baà mọ̀ pé ẹlẹ́wọ̀n ló ni wọ́n. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1901. Ní New York, ìtàn kan lọ́sẹ̀ kan ló ń kọ fún ìwé ìròyìn New York World. Ó kú ní 1910, ọmọ ọdún 47. Ọtí wà níbẹ̀. Ẹ má kọ́ ìyẹn lára rẹ̀.

Ẹ mú ìtàn rẹ̀ "The Gift of the Magi" wò. Kérésì ku ọ̀la, dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 87 péré ló kù lọ́wọ́ Della. Ó gé irun rẹ̀ tà, ó fi ra ṣéènì fún aago ọkọ rẹ̀. Ọkọ wọlé, òun ti ta aago, ó fi ra òòyà olówó ńlá fún irun tí kò sí mọ́. Háà! Àmọ́ ẹ padà síwájú ìtàn. Irun yẹn àti aago yẹn, O. Henry ti kó méjèèjì sójú yín kí Della tó jáde nílé.

"Òkun ń hó yeeye, ọ̀sà ń hó yeeye, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Ìdí ìkòkò ọkà ni ìyá mi ti pa àlọ́ yìí fún mi. (Àárọ̀ kùtù ni o, ilé wa níbí, ọkà là ń jẹ kí a tó mu ẹ̀kọ.) Mo rò ó títí, n ò mọ̀ ọ́n. Orógùn ni, ó sì wà lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pa á! Inú bí mi, ṣùgbọ́n n ò lè sọ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Ẹni tó jí lójú àlá yẹn, ó rẹ́ mi jẹ.

Ìwọ tó ni ìwé àjákọ, ó ṣì wà lórí tábìlì mi. Mo ti fi bírò pupa fàlà sí ojú ewé kejì, níbi tí ìyá ọkọ ti gbé àgbo wọlé, tí o ò sì dárúkọ àgbo náà mọ́. Ibẹ̀ ni kí o ti wá ìparí rẹ. Wá gbà á lọ́la, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èmi ni bàbá yín,
Tísà àtijọ́